Globorotalia ni àbí Morozovella? Ìdáhùn fún àbúrò tó rí kónù kékeré nínú ṣéèlì Ewékorò

Ìbéèrè: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún ìkẹyìn ni mo wà ní jíọ́lọ́jì. A bu ṣéèlì tó wà lórí òkúta ẹfun ní kúárì Ewékorò, mo fọ̀ ọ́, mo wá rí ìkarahun kan tó dà bíi kónù, etí ẹ̀ mú, ihò wà láàárín ẹ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó pírójẹ́ẹ̀tì mi ní kí n kọ Globorotalia velascoensis. Mo wo íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní Morozovella velascoensis. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kò sí èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì, ó ní Acarinina ni. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n kọ? Báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀? Ṣé mo sì lè fi sọ ọjọ́ orí ilẹ̀ náà?”

Àbúrò mi, o káre. Jẹ́ n kọ́kọ́ fi ọkàn ẹ balẹ̀: ọ̀gá ẹ ò ṣì í, íńtánẹ́ẹ̀tì náà ò ṣì í, ẹ̀dá kan náà ni àwọn méjèèjì ń pè, ó kàn jẹ́ pé ọ̀kan ń fi ilé tó ń gbé tẹ́lẹ̀ júwe ẹ̀, èkejì ń fi ilé tó kó lọ júwe ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ ló le díẹ̀ torí ó lè jàre, fọ́tò méjì tó o fi ránṣẹ́ ò sì jẹ́ n lè dá ẹjọ́ yẹn. O ya ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa, o ya abẹ́ ẹ̀, àmọ́ ihò tó o sọ yẹn, tó jẹ́ àmì tó ṣe pàtàkì jù lára ẹ̀, amọ̀ ló dí i pa, o ò sì ya ẹ̀gbẹ́ rárá. Torí náà mi ò ní wò ó lóréfèé kí n kàn sọ pé “velascoensis ni, ó dàbọ̀”. Màá sọ ohun tí wàá wò, ìwọ fúnra ẹ ló máa sọ orúkọ ẹ̀.

Fún àwọn tó ń bá wa kà á tí wọn ò mọ ohun tá à ń wí: foraminifera, tá a máa ń gé kúrú sí fóráàmù, ẹ̀dá oní-sẹ́ẹ̀lì kan ni, kò lórí, kò lẹ́sẹ̀, àmọ́ ó mọ ilé kọ́. Kálísáìtì ni àwọn tí ọ̀rọ̀ wa kàn yìí fi ń kọ́ ọ, ohun kan náà tó wà nínú òkúta ẹfun tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì. Bó ṣe ń dàgbà ló ń so yàrá tuntun mọ́ èyí tó wà tẹ́lẹ̀, á sì máa yí po bíi ti ìgbín. Tó bá kú, ilé á rì lọ sísàlẹ̀ òkun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ilẹ̀ òkun ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n àwọn kan ń léfòó nínú omi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn yẹn là ń pè ní planktonic, àwọn ló sì wúlò jù fún ẹni tó fẹ́ mọ ọjọ́ orí ilẹ̀, torí omi ń gbé wọn kiri ayé. Ìdí nìyẹn tí orúkọ tí wọ́n fún nǹkan ní Mexico fi lè bá nǹkan tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Ògùn mu.

Mexico yẹn gan-an ni ìtàn orúkọ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1925 ni Joseph Cushman, ará Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe ìkarahun kan látinú ṣéèlì Velasco ní Mexico, ó pè é ní Pulvinulina velascoensis. Pulvinulina nígbà yẹn dà bí àpò tí wọ́n ń ju ohunkóhun tó bá rí pẹlẹbẹ tó sì yí po sí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, 1927, Cushman kan náà ló dá jẹ́nọ́ọ̀sì (ìyẹn agbo àwọn ẹ̀dá tó bára tan, tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ àkọ́kọ́ kan náà) Globorotalia sílẹ̀, ẹ̀dá tó fi ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀ ni èyí tí Brady ti sọ lórúkọ ní 1877, tumida, tó ṣì ń gbé nínú òkun títí dòní. Nígbà tó yá, wọ́n kó velascoensis náà lọ síbẹ̀, torí ó ní etí mímú bíi tàwọn tó wà níbẹ̀. Orúkọ yìí ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ epo káàkiri ayé mọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni wọ́n kọ sínú ríkọ́ọ̀dù kànga, òun ni wọ́n fi kọ́ àwọn tó kọ́ wa. Má bínú sí ọ̀gá ẹ jàre, èmi náà kọ Globorotalia sínú ìwé fún ìgbà pípẹ́ kí ọwọ́ mi tó jáwọ́.

Ní 1964 ni McGowran dá Morozovella sílẹ̀, ẹ̀dá tó sì fi ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀ ni velascoensis ti Cushman yìí gan-an. Wo ohun tíyẹn túmọ̀ sí: tó o bá gbà pé jẹ́nọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Morozovella wà, o ò lè yọ velascoensis kúrò nínú ẹ̀, torí òun ni òpó tí wọ́n fi gbé ilé náà dúró. Ohun tó ṣẹ́ kù láti bá ara wa jiyàn lé lórí ni bóyá ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀ àti Globorotalia tó ohun tí a lè torí ẹ̀ pín ilé. Mo máa sọ pé ó tó, ó tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí n má gbàgbé o, àwọn orúkọ wọ̀nyí ní ìtàn tí mo fẹ́ràn. Obìnrin ni Morozova, obìnrin náà ni Subbotina, ará Soviet ni àwọn méjèèjì, ògbóǹtarìgì sì ni wọ́n nídìí fóráàmù. Ní 1939 Morozova fún ẹ̀dá kan lórúkọ, ó fi bu ọlá fún Subbotina, ó pè é ní subbotinae. Nígbà tí wọ́n wá dá Morozovella sílẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀dá yẹn náà bọ́ sí. Orúkọ ẹ̀ lónìí wá di Morozovella subbotinae, àwọn obìnrin méjèèjì jọ wà nínú orúkọ ìkarahun kan ṣoṣo tí ò tó ìdajì ìrẹsì. Ó sì tún wà lára àwọn tó lè tàn ẹ́ jẹ, màá dé ibẹ̀.

Ó yá, kí ló dé tí etí mímú ò tó láti fi mọ ẹbí? Etí yẹn là ń pè ní kíìlì. Fojú inú wo bí télọ̀ ṣe ń ká ìṣẹ́tí aṣọ tó sì ń gba okùn sínú ẹ̀ kó lè le, bẹ́ẹ̀ ni kíìlì ṣe yí ẹ̀gbẹ́ ìkarahun po. Ó ti tó ìgbà mẹ́ta ó kéré tán tí àwọn fóráàmù tó ń léfòó ti dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ara wọn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Globotruncana àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní in nígbà Cretaceous, gbogbo wọn sì kú tán ní mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, nígbà kan náà tí àwọn dáínósọ̀ lọ. Àwọn kéékèèké mélòó kan tí ò ní kíìlì rárá ló ṣẹ́ kù, látara ìdílé àwọn yẹn ni Praemurica ti jáde, látara Praemurica ni Morozovella ti jáde, kíìlì tún padà wá. Àwọn yẹn náà kú tán nínú Eocene, sáà tó tẹ̀ lé Paleocene. Lẹ́yìn tí òkun ti wà láìsí irú wọn fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, Globorotalia wá dé nínú Miocene, sáà tó dé lẹ́yìn Eocene, látara ìdílé mìíràn pátápátá, òun náà tún dá kíìlì. Àwọn àgbà ní àdán dorí kodò ó ń wòṣe ẹyẹ, ìyẹ́ tó fi ń fò ò sọ ọ́ di ẹyẹ. Tó o bá ń fi kíìlì nìkan pín wọn, àdán àti ẹyẹ lò ń kó sínú àgò kan.

Ara ìkarahun gan-an, ìyẹn ògiri ẹ̀, ni kó o wò. Ibẹ̀ ni ẹbí wà. Ògiri Globorotalia ń dán, ihò kéékèèké wà lára ẹ̀, àmọ́ kò rí ṣákaṣàka, kíìlì ẹ̀ sì jẹ́ ọ̀já kan tó lọ geere tí ò ní ihò. Ti Morozovella ò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn kókó kéékèèké tó ṣóńṣó lára, muricae là ń pè wọ́n, wọ́n dà bí ara ọ̀pọ̀lọ́. Kókó wọ̀nyí ló pọ̀ jọ síbi ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn tí wọ́n sì di kíìlì, torí náà kíìlì ẹ̀ máa ń rí gbágungbàgun bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín papọ̀. Ìyàtọ̀ ńlá nìyí o, ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́lé ni, kì í ṣe bí ilé ṣe rí lókèèrè. Tí ẹ̀ka ẹ bá ní irinṣẹ́ SEM, ìyẹn máíkírósíkóòpù tó ń lo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù dípò iná, wàá rí i kedere. Tí ò bá sí, má sunkún, máíkírósíkóòpù onígò méjì tó dáa tó gbé nǹkan tóbi ní ìgbà 80 tàbí 100 máa fi hàn ẹ́, tí iná bá ti ẹ̀gbẹ́ wá kó má ṣe ti òkè. Kán omi tó ní àwọ̀ èlò oúnjẹ díẹ̀ sí i lára, èyí aláwọ̀ ewé ló dáa jù, á wọ inú àwọn kòtò, kókó á sì yọ.

Màá fún ẹ lẹ́rìí kan tó máa jẹ́ kó o gbà mí gbọ́. Nínú Paleocene, sáà tó tẹ̀ lé ikú àwọn dáínósọ̀, tí Morozovella náà wà, ẹ̀dá kan wà tó pẹlẹbẹ, tó ní kíìlì, tó ń dán. Bolli ló ṣàpèjúwe ẹ̀ ní 1957, ó pè é ní Globorotalia pseudomenardii, torí ó jọ Globorotalia menardii tòde òní gidigidi, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe òun, ló ṣe fi “pseudo” sí i. Lónìí Globanomalina pseudomenardii ni. Ó bá Morozovella jọ gbé òkun kan náà, àwọn méjèèjì ní kíìlì, àmọ́ ọ̀kan ń dán, ọ̀kan rí ṣákaṣàka, wọn ò sì bára tan pẹ́kípẹ́kí. Rọra rántí ẹ̀dá yìí, a ṣì máa padà sọ́dọ̀ ẹ̀ tá a bá dé orí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí.

Ọ̀rẹ́ ẹ wá ńkọ́? Acarinina náà ní kókó lára, tiẹ̀ tiẹ̀ lè nípọn jù, torí ọmọ ìdílé kan náà ni òun àti Morozovella, Truncorotaloididae ni wọ́n ń pe ìdílé yẹn. Tó bá jẹ́ pé ògiri nìkan lo wò, o lè ṣì wọ́n mú fún ara wọn, ó yé mi. Ohun tó pín wọn ni pé yàrá Acarinina máa ń wú, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yí roboto tàbí kó ní igun díẹ̀, kókó sì wà káàkiri gbogbo ara ẹ̀, kò kó ara jọ sí ẹ̀gbẹ́ di kíìlì gidi. Yàrá Morozovella ní igun, tó o bá gbé e dúró lórí ẹ̀gbẹ́ wàá rí i pé ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, abẹ́ ẹ̀ ló yọ bíi kónù tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò. Ìdí nìyẹn tí inú mi ò fi dùn pé o ò ya ẹ̀gbẹ́. Fọ́tò ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ì bá ti parí ìjà ìwọ àti ọ̀rẹ́ ẹ. Lójú tèmi o, látinú fọ́tò ẹ̀yìn, àwọn ìlà tó wà láàárín yàrá yọ sókè, wọ́n sì rí bí ìlẹ̀kẹ̀, ìyẹn jọ Morozovella ju Acarinina lọ, àmọ́ mi ò ní fi búra.

Ká ní a ti gbà pé Morozovella ni. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n pọ̀ nínú ilé, gbogbo wọn sì jọra bí ọmọ ìyá.

Velascoensis tó jẹ́ velascoensis lóòótọ́, ó tóbi láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ó lè tó ìdajì mìlímítà tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Yíyí tó kẹ́yìn máa ń ní yàrá 6 sí 8. Kónù ẹ̀ ga. Ìdodo ẹ̀, ihò tó wà láàárín abẹ́ yẹn, gbòòrò, ó sì jìn, tó o bá wò ó tó mọ́ wàá lè rí etí àwọn yàrá ìgbà tó kéré nínú ibẹ̀. Ohun tó wá jẹ́ àmì ìdánimọ̀ ẹ̀ gan-an ni èjìká àwọn yàrá tó yí ìdodo ká, kókó dì sórí wọn gan-an, ó nípọn, ó wá dà bí adé tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe, tó yí ihò náà po. Tí adé yẹn ò bá sí, tí ìdodo ò sì gbòòrò, má kọ velascoensis, kọ nǹkan mìíràn.

Èyí tí wọ́n sábà máa ń ṣì mú fún un jù ni Morozovella acuta, tí Toulmin ṣàpèjúwe látinú òkúta ẹfun ní Alabama ní 1941. Òun náà ní kónù, ó ní adé díẹ̀, àmọ́ yàrá ẹ̀ kì í pọ̀ tó ti velascoensis, ìdodo ẹ̀ sì há jù. Mo ti rí àwọn sláìdì tó jẹ́ pé ìdajì ohun tí wọ́n kọ velascoensis sí lára, acuta ni, mo sì ti rí èyí tó wà láàárín méjèèjì tí ẹni mẹ́ta wò tí orúkọ mẹ́ta jáde. Aequa, tí Cushman àti Renz sọ lórúkọ ní 1942 láti Trinidad, ó rọrùn díẹ̀: yàrá bíi 4 péré, èyí tó kẹ́yìn tóbi ju àwọn tó kù lọ fíìfíì, ìdodo ẹ̀ há. Subbotinae tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan pẹlẹbẹ jù, kò ga bíi kónù. Occlusa, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹ̀ ṣe wí, ìdodo ẹ̀ pa dé mọ́ra. Acutispira sì rèé, ẹ̀yìn ẹ̀ náà yọ sókè, torí náà tó o bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, òkè àti ìsàlẹ̀ ló yọ. Ṣé o rí i pé gbogbo ẹ̀, ìdodo àti ẹ̀gbẹ́ ló ń dá a lẹ́jọ́? Ẹ̀yìn nìkan ò lè sọ nǹkankan fún ẹ.

Ó yá, ká tú amọ̀ yẹn kúrò nínú ìdodo. O ò sọ bó o ṣe fọ̀ ọ́ àmọ́ mo fura pé omi lásán lo lò. Ṣéèlì tó le bíi ti Ewékorò, tó wà lórí òkúta ẹfun, Akinbo là ń pe ṣéèlì náà, kì í fẹ́ tú fún omi lásán. Èyí tó o ṣì ní nílẹ̀, fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ bí ẹ̀pà, má lọ̀ ọ́ o, gbé e sínú ófìnì kó gbẹ dáadáa, kó tutù, da kẹrosíìnì lé e fún bíi wákàtí kan kó mu ún yó, da kẹrosíìnì tó ṣẹ́ kù kúrò, wá da omi tó ní sódà ìfọṣọ díẹ̀ lé e. Wàá rí i tó ń tú fúnra ẹ̀ bíi gaàrí tó ń rin. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ kí kẹrosíìnì tó wọ̀ ọ́ o, tí omi bá ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà fọ̀ ọ́ lórí asẹ́ 63 máíkírọ́ọ̀nù títí omi á fi mọ́ lódò. Má sún mọ́ ásíìdì rárá, kálísáìtì ni ẹrù ẹ, ásíìdì á jẹ ẹ́ tán. Hydrogen peroxide náà, rọra, tí páíráìtì bá wà nínú ṣéèlì ó lè di ásíìdì mọ́ ẹ lọ́wọ́.

Èyí tó o ti ní lórí sláìdì yẹn, tú gọ́ọ̀mù lẹ́sẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú omi, gbé e sínú ìgò kékeré tó ní omi, fi sínú ẹ̀rọ ultrasonic, èyí tó ń fi ìró gbọn ìdọ̀tí kúrò lára nǹkan, fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ìṣẹ́jú àáyá ni mo wí o! Mo ti fi ọwọ́ ara mi sọ ìkarahun kan tó dáa di ìyẹ̀fun nítorí pé mo lọ gba ìpè lórí fóònù. Tí o ò bá ní ẹ̀rọ náà, irun kan ṣoṣo láti ara búrọ́ọ̀ṣì tó tutù, kó o máa fi tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù, sùúrù ló gbà.

Mo tún fẹ́ béèrè: láàárín sáńpù kan sí èkejì, ṣé ẹ máa ń rẹ asẹ́ yín sínú methylene blue? Ọ̀pọ̀ kì í ṣe é. Ó máa ń pa ohun tó bá há sínú asẹ́ láró, tó o bá wá rí ìkarahun aláwọ̀ búlúù nínú sáńpù tuntun, wàá mọ̀ pé àlejò ni, ti àná ló há síbẹ̀. Tí ẹ̀ka yín bá ń fọ sáńpù kànga Niger Delta lórí asẹ́ kan náà, àlejò yẹn lè jẹ́ Globorotalia gidi láti Miocene, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ máa wá dàrú pátápátá.

Ohun kejì ni pé o sọ pé o rí “ìkarahun kan”. Ọ̀kan ò tó. Ojú ọmọ kan ò ṣe é fi mọ gbogbo ìdílé. Fóráàmù náà ń dàgbà, èyí tó kéré nínú velascoensis ò tíì ní adé, ìdodo ẹ̀ ò tíì gbòòrò, á jọ ẹlòmíràn. Nítorí náà gba èyí tó tóbi ju 150 máíkírọ́ọ̀nù lọ sílẹ̀ lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò, ṣa gbogbo èyí tó jọra, bíi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ tó bá wà, tò wọ́n láti kékeré sí ńlá, yí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn, sí abẹ́, sí ẹ̀gbẹ́. Bí o ṣe ń tò wọ́n ni ojú ẹ á máa là. Tó bá wá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo náà lo ní, tí abẹ́ ẹ̀ ò sì mọ́ tán, kọ Morozovella cf. velascoensis. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, “cf.” ń sọ fún ẹni tó ń kà á pé ó jọ ọ́, o ò sì tíì fọwọ́ sọ̀yà. Tí ìdodo bá ti fọ́ dànù, Morozovella sp. ló tó sí i, ìyẹn ni pé Morozovella ni àmọ́ o ò mọ èyí tó jẹ́. Orúkọ tó kúrú tó jẹ́ òótọ́ wúlò fún mi ju èyí tó gùn tí mi ò lè gbára lé lọ.

Ọjọ́ orí wá kù. Tó bá jẹ́ velascoensis lóòótọ́, ó wà láyé láti nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn títí dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 55. Ìyẹn gbòòrò, apá ìkẹyìn Paleocene ni, ó sì wọ inú Eocene díẹ̀. Àwọn tó kàwé ìgbà àtijọ́ máa ń sọ pé “velascoensis ti dé, Paleocene ni”, ìyẹn ò pé mọ́ látìgbà tí wọ́n ti fi àmì ààlà Paleocene àti Eocene sí Dababiya, nítòsí Luxor ní Íjíbítì. Ààlà yẹn wà ní mílíọ̀nù 56 ọdún, ẹ̀dá tìẹ yìí sì rékọjá ẹ̀ kó tó kú. Torí náà òun nìkan ò lè sọ apá ibi tó o wà fún ẹ. Àwọn aládùúgbò ẹ̀ ló máa sọ ọ́.

Padà sínú tiréè, wá Globanomalina pseudomenardii, èyí tó pẹlẹbẹ tó ń dán yẹn. Tó o bá rí i pẹ̀lú velascoensis, sóònù P4 lo wà (sóònù ni apá tí wọ́n fi fóráàmù pín ọjọ́ orí sí, P fún Paleocene, E fún Eocene), Paleocene ni, kò sí àríyànjiyàn, torí ó ti kú ní bíi mílíọ̀nù 57 ọdún sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ Pseudohastigerina wilcoxensis lo rí pẹ̀lú ẹ̀, kékeré kan tó yí sójú kan náà tí apá ọ̀tún àti òsì ẹ̀ dọ́gba, Eocene ni, E2. Tó bá sì jẹ́ orí ire ló gbé ẹ jí, o lè rí Acarinina sibaiyaensis tàbí Acarinina africana. El Naggar ló sọ àwọn méjèèjì lórúkọ ní 1966, láti Íjíbítì, àwọn sì ni wọ́n máa ń yọ nígbà tí ayé gbóná lójijì ní ààlà yẹn gan-an, tí kábọ́ọ̀nù tú yaya sínú afẹ́fẹ́ àti òkun tí ooru sì fi bí 5 °C lọ sókè. Tó o bá rí wọn, pè mí, kódà lóru. Ọ̀rẹ́ ẹ náà á láyọ̀, Acarinina ẹ̀ ti dé nìyẹn.

Àmọ́ gbọ́ o, tí o ò bá rí ìkankan nínú wọn, má sọ pé wọn ò sí nítorí náà sóònù P5 ni. Òkun tó bo Ewékorò nígbà náà kì í ṣe agbami, etíkun ni, àwọn fóráàmù tó ń léfòó sì fẹ́ràn agbami. Kẹ́místírì ìkarahun Morozovella fi hàn pé òkè omi ló ń gbé, níbi tí oòrùn ti ń wọlé dáadáa, ó sì gba àwọn ewé omi kéékèèké mọ́ra tí wọ́n ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ pẹ̀lú ẹ̀. Omi etíkun tó ní ẹrẹ̀ ò bá irú wọn lára mu. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú sáńpù ẹ, àwọn tó ń gbé ilẹ̀ òkun ni wàá rí tó pọ̀ lọ súà, àwọn tó ń léfòó á wá jẹ́ ẹyọ ẹyọ. Bí o ò ṣe rí ẹnìkan lọ́jà, ìyẹn ò ní kó má sí nílé.

O bu tìẹ lára ògiri kúárì, ìyẹn dáa, o mọ ibi tó ti wá gan-an. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ tó ń lo èérún tí wọ́n gbẹ́ láti kànga epo ò ní irú àǹfààní yẹn, torí ohun tó wà lókè máa ń já bọ́ sísàlẹ̀ kànga dàpọ̀, àwọn yẹn ibi tí ẹ̀dá kan ti kọ́kọ́ yọ sí wọn bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ lọ sísàlẹ̀ ni wọ́n lè gbà gbọ́, ìyẹn ìgbà tó kú, wọn ò lè gba ìgbà tí wọ́n bí i gbọ́. Ìwọ lè lo méjèèjì, torí náà jọ̀ọ́ kọ bó ṣe ga tó sí òkè òkúta ẹfun, ní sẹ̀ǹtímítà, kì í ṣe “lókè díẹ̀” tó o kọ sínú ìwé ìbéèrè ẹ yẹn.

Ní ti ohun tó o máa kọ sínú pírójẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà tí kò ní dá ìjà sílẹ̀ wà. Kọ Morozovella velascoensis (Cushman, 1925) gẹ́gẹ́ bí orúkọ, àkámọ́ tó yí Cushman ká yẹn ṣe pàtàkì o, ó ń sọ pé òun ló sọ ọ́ lórúkọ àmọ́ inú jẹ́nọ́ọ̀sì mìíràn ló kọ́kọ́ fi sí. Lábẹ́ ẹ̀, to orúkọ tó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀: Pulvinulina velascoensis, Globorotalia velascoensis. Ọ̀gá ẹ á rí orúkọ tó mọ̀ níbẹ̀, inú ẹ̀ á dùn, ẹni tó bá máa yẹ̀ ọ́ wò láti ìta náà á rí èyí tuntun. Tó bá ní kí lo wá fi Morozovella ṣe, má sọ pé íńtánẹ́ẹ̀tì ló wí, mú un lọ sídìí máíkírósíkóòpù, kó o ní “ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo kókó tó wà lára kíìlì ẹ̀.” Fún àwòrán tó o máa fi wé tìẹ, lọ sórí ìkànnì Mikrotax, ọ̀fẹ́ ni, àwòrán àpẹẹrẹ tí wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ wà níbẹ̀. Àpẹẹrẹ ni kó o wò, má wo fọ́tò tí ẹnì kan kàn gbé sórí gúgù.

Tó o bá ti tú amọ̀ yẹn tán, ya ẹ̀yìn, abẹ́ àti ẹ̀gbẹ́, fi ìwọ̀n sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kó o fi ránṣẹ́ sí mi. Kí o tó fi ránṣẹ́ ka yàrá tó wà nínú yíyí tó kẹ́yìn, kọ iye tó o kà sí ẹ̀yìn sláìdì pẹ̀lú pẹ́ńsù, kì í ṣe báírò, báírò máa ń ṣá.